Ta Ló Ní Kí Wọ́n Yọ Igi?

Ìyá Onílọ́rì kì í sọ̀rọ̀ kí ilé má mì. Obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa lọ́rì, tó ń bá ẹ́ńjìnnì du ariwo, bó bá ní kí o bu omi wá fún òun, gbogbo àdúgbò ni òùngbẹ á gbẹ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó ní òun ò lọ sílé ìwòsàn mọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò gbọ́ dáadáa.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀ ló ti sọ ọ́. Àbíkẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ti gbé báàgì tí wọ́n máa ń gbé lọ jáde: aṣọ ìbora, ìbọ̀sẹ̀, rédíò kékeré. Kídìnrín ìyá náà ti kọṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá lọ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Bó bá dé, á sùn fọnfọn bí ẹni tí wọ́n lù. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá sì fi máa wálẹ̀ kó lè fi ẹnu bú ẹnìkan dáadáa, ó ti tún di lílọ.

"Dá báàgì yẹn padà sórí àpótí," ló wí. "Mo ti lọ tán."

"Màámi, ẹ ti lọ síbo tán?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Èyí tí mo lọ ní Sátidé, òun ló kẹ́yìn. Kì í ṣe tòní nìkan ni mi ò lọ o. Mi ò lọ mọ́ láéláé."

Àbíkẹ́yìn rò pé àwàdà ni. Ta ni ò ní rò bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ so ìyá yìí mọ́ ẹ̀rọ, ó ní níwọ̀n ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì òun, kó kúkú bá òun yẹ ọ́ìlì wò. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ò bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni báàgì bọ́ lọ́wọ́ Àbíkẹ́yìn.

Kí tíì inú ife tó tutù, àkọ́bí ti dé. Lọ́yà niṣẹ́ rẹ̀, Lọ́yà náà ni gbogbo ilé ń pè é. Pẹ̀lú kóòtù àti táì ló ṣe wọlé, àfi bí ẹni tó fẹ́ pe ikú lẹ́jọ́.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ para yín ni?"

"Lọ́yà, jókòó. O dúró lé mi lórí bí òpó iná."

"Mi ò jókòó! Ẹ dá mi lóhùn."

"Ta ló fẹ́ para rẹ̀? Ṣé o rí okùn lọ́wọ́ mi ni? Mo ní mi ò lọ sídìí ẹ̀rọ mọ́. Kí ara mi máa lọ bó ṣe lè lọ. Ibi tó bá dúró sí, ibẹ̀ la dé."

"Ẹ̀mí kì í ṣe tẹni, Màámi. Ọlọ́run ló ni ín."

"Ìyẹn dáa. Ọlọ́run tó fún mi ní kídìnrín, ṣé kì í ṣe òun náà ló ní kó ṣíwọ́ ni? Èwo nínú wa ló wá ń bá Ọlọ́run fa nǹkan, èmi àbí ẹ̀rọ yín?"

Lọ́yà tú táì. Ó wá mú èyí tó ń dùn ún gan-an jáde.

"Kí la máa sọ fáwọn èèyàn? Wọ́n á ní àwa ọmọ káwọ́ gbera, à ń wo ìyá wa títí ó fi kú."

"Ẹ sọ fún wọn pé mo lágídí. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Lọ́yà bínú jáde. Ìyá fa àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé kó lè rí ibi tó ń lọ, torí ọmọ tó bá bínú jáde tí kò wọ mọ́tò rẹ̀, ó ní ohun tó ń wá.

Ẹ̀gbẹ́ ilé ló lọ, níbi tí lọ́rì ìyá rẹ̀ wà. Lọ́rì yẹn ti dàgbà ju kó lọ síbì kankan. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tà, adìẹ ti ń yé sórí àga rẹ̀, àmọ́ ó ṣì kọjú sí títì bí ẹni pé wọ́n máa tó pè é. Lábẹ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀, igi ńlá kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró kó má bàa yí padà lórí òkè. Mọ́tò-bọ́ì ló fi í síbẹ̀.

Mọ́tò-bọ́ì yìí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó ti ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n "bọ́ì" náà ló ń jẹ́. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń tẹ̀ lé Ìyá Onílọ́rì. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè, òun ló máa bẹ́ sílẹ̀ fi igi há táyà. Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ igi àfi bí awakọ̀ bá ní kó yọ ọ́, bí awakọ̀ bá sì ti ní kó yọ ọ́, kò sí "kí ló dé?" Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Mọ́tò-bọ́ì béèrè kí ló dé. Kó tó parí ìbéèrè, lọ́rì kan tí bíréèkì rẹ̀ já ti já wá láti orí òkè, ó gba dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára igi, ó fà á yọ, ọkọ̀ wọn sì rí ààyè yẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Lárààárọ̀ tí kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì á gun orí lọ́rì náà, ìyá nídìí sítíárìn, bọ́ì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á mu tíì, wọ́n á sì máa bú àwọn awakọ̀ tí ò sí níbẹ̀.

Láti ojú fèrèsé, Ìyá rí i tí Lọ́yà gbé ọwọ́ lé Mọ́tò-bọ́ì léjìká. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ó kàn rí i pé bàbá arúgbó náà sorí kọ́, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fún ní oògùn kíkorò.

Lọ́yà padà wọlé, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí òwú. "Ó dáa, Màámi. Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún un. Mọ́tò-bọ́ì á bá wa lọ."

Ìyá wò ó. Lọ́yà tó bá tètè gbà fún ẹ, tún ẹ̀yìn rẹ wò. Síbẹ̀, ó dìde. Kò sá fún òkè rí.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Awò ojú rẹ̀ ò fẹ́ dúró lórí imú. Ó fún gbogbo wọn níjòókòó, ó kọjú sí Ìyá.

"Màmá, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ti so mí mọ́lẹ̀." Ó wá wo Lọ́yà, ó wo dókítà. "Àbí orí mi lo ń yẹ̀ wò?"

Dókítà ò purọ́ fún un. "Ọmọ yín ní orí yín ò pé mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ni yóò máa bá yín pinnu, ẹ ó sì máa wá sídìí ẹ̀rọ. Bí orí yín bá pé, ẹnu yín labẹ gé. Mo gbọ́dọ̀ bi yín."

"Máa bi mí."

"Ta ni ọkùnrin yìí?"

"Àkọ́bí mi. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo fi rọbí rẹ̀ nítorí orí rẹ̀ tó tóbi bí garawa. Mo rò pé ọgbọ́n ló kún un nígbà náà."

Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà pàápàá ní láti wá awò ojú rẹ̀ nílẹ̀.

"Bí ẹ ò bá wá sídìí ẹ̀rọ mọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"



"Màá kú," ni Ìyá wí. "Kò sì ní pẹ́. Ara mi á wú, èémí á máa ṣòro, oorun á máa gbé mi lọ. Ìwọ lo sọ fún mi. Mo ní kí o má fi ṣúgà sí i, o ò sì fi sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́. Gbogbo òkè tí mo gùn ló bà mí lẹ́rù, mo sì gùn wọ́n. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi ò tilẹ̀ tíì dé ibi ẹ̀sín. Mò ń sùn kí n lè lọ sórí àga yín, mò ń lọ sórí àga yín kí n lè sùn. Ta ló ń gbé ayé níbẹ̀? Àga ni."

Lọ́yà fò dìde. "Dókítà, ẹ má jẹ́ kí ẹnu wọn tàn yín jẹ. Lárààárọ̀ ni wọ́n ń wa lọ́rì tí ò ní ẹ́ńjìnnì! Wọ́n sì ti ń pe òkú báyìí. Mọ́tò-bọ́ì, sọ fún wọn. Ṣé wọn ò pè ọ́ lórúkọ bàbá wa lánàá?"

Gbogbo ojú yí sí Mọ́tò-bọ́ì. Ó ń fún fìlà rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tútù.

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́! Ó ti mí sínú láti já lu bàbá náà, kó bú u títí kan ìran rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí bó ṣe ń fún fìlà náà, ó sì mọ ohun tó ń ṣe é. Mọ́tò-bọ́ì tí ò ní ọ̀gá mọ́, kí ló kù? Bàbá arúgbó kan tó ń gbé igi kiri.

Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ kí ilé má mì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mọ́tò-bọ́ì. Yọ igi."

"Ẹ rí i?" Lọ́yà na ọwọ́. "Dókítà, ṣé ẹ gbọ́? Igi wo? Igi dà nínú yàrá yìí?"

Dókítà ti gbé bíròó rẹ̀. Àbíkẹ́yìn di ojú. Ìyá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ ọgbọ́n rẹ̀ ti jọ ìsọkúsọ létí wọn, kò sì sí ẹni tó lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀ àfi ẹni tí wọ́n mú wá láti tì í ṣubú.

Mọ́tò-bọ́ì dìde. Ó dé fìlà.

"Wọn ò pe òkú kankan," ló wí. "Irọ́ ni. Lọ́yà bẹ̀ mí, mo sì gbà, torí mi ò mọ ibi tí mo máa lọ láàárọ̀ bí ọ̀gá mi ò bá sí. Igi tí wọ́n ń sọ, èmi àti wọn la mọ̀ ọ́n: bí awakọ̀ bá ní kí o yọ ọ́, wàá yọ ọ́. Orí ọ̀gá mi pé, Dókítà. Ó pé ju bó ṣe yẹ lọ. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n lè sọ fún yín gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà tí ìjọba ti dí tán."

Ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Ìyá na ọwọ́, ó gbá a lẹ́yìn gbàmù. "Bọ́ì burúkú. O pẹ́ díẹ̀ o, àmọ́ o yọ ọ́."

Dókítà gbé bíròó sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ ohun tí Màmá fẹ́ ṣe yìí. Ká ní ìyá mi ni, màá bá wọn jà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n orí wọn pé, ara wọn sì ni. A ó fún wọn ní oògùn tí ara ò fi ní máa ro wọ́n, nọ́ọ̀sì á máa wá wò wọ́n nílé. Màmá, ọjọ́ tí ẹ bá yí ọkàn padà, ẹ máa bọ̀."

"Mo mọ ọ̀nà," ni Ìyá wí. "Èmi ni mo máa ń wakọ̀."

Nínú mọ́tò, Lọ́yà gbájú mọ́ ọ̀nà. Àbíkẹ́yìn ló di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó béèrè ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì béèrè látàárọ̀.

"Màámi, ṣé ó rẹ̀ yín tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ayé ò rẹ̀ mí, ọmọ mi. Àga yẹn ló rẹ̀ mí."

Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀rọ tún kò, Lọ́yà dé láàárọ̀. Kò wọ kóòtù. Ó fọn fèrè ọkọ̀ níwájú ilé bó ṣe máa ń fọn ọ́n, bóyá ìyá rẹ̀ á gbé báàgì jáde. Kò sẹ́ni tó jáde. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí sítíárìn, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń wọ̀ fún un nídìí ẹ̀rọ ló wé mọ́ ife tíì kó má bàa jó o lọ́wọ́.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀.

"Ibẹ̀ kọ́," ni Ìyá wí. "Èèyàn ti wà níbí. Ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibi tó máa ń sùn sí nígbà tó wà ní kékeré. Ó gòkè, ó jókòó gbì. Nǹkan kan fọ́.

"Ẹyin mẹ́ta lo pa yẹn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ tó ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí."

Ẹ̀rín gbé ọmọ náà, ẹkún sì gbé e pẹ̀lú, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ dá lóhùn. "Mo ṣì ń bínú sí yín, Màámi."

"Máa bínú. Mo ti bí ẹ tán, o lè bínú. Ṣáà jókòó tì mí." Ó yọ orí jáde lójú fèrèsé, ohùn tó ń mi ilé padà dé. "Mọ́tò-bọ́ì! Yọ igi!"

Mọ́tò-bọ́ì mú òòlù. Ó ti pẹ́ tí igi náà ti wọlẹ̀. Ó gbá a, ó tún gbá a, Àbíkẹ́yìn sì sáré kúrò níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ariwo. Igi jáde. Gbogbo wọn mú èémí dúró.

Lọ́rì ò mira.

Ìyá Onílọ́rì dúró dè é. Nígbà tó rí i pé kò tilẹ̀ gbọ̀n, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sínú, ó wá rẹ́rìn-ín síta, ó rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo fi ń sùn, tí mò ń ronú pé igi yìí ló dá a dúró! Ẹ ò rí òpònú obìnrin!"

Ó nu ojú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, ó tẹ fèrè. Fèrè ti kú tipẹ́. Ó bá la ẹnu ara rẹ̀, ó fi gbogbo èémí tó kù nínú rẹ̀ fọn ọ́n:

"Pòòòòòò!"

Ẹnìkan tó ń kọjá lójú títì yà fún un.