Àlejò Tó Ní Kí Wọ́n Má Ṣe Ìyọnu

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Sinimá kọ́kọ́ rí ilé Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀, díẹ̀ ló kù kó sunkún ayọ̀. Ó rí ògiri tó sán láti òkè délẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn tó fẹ̀gbẹ́ kan dúró bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ó rí àpótí ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, tí wọ́n fi òkúta rọ́pò rẹ̀. Ó yí ilé náà po, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ó pé! Ó pé pátápátá!"

Kò sẹ́ni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilé náà rí.

Sinimá tó fẹ́ ṣe dá lórí ìdílé àgbẹ̀ kan tí ìyà ń jẹ lásìkò tí ọ̀wọ́n gógó gbòde. Ó ṣèlérí pé bí wọ́n bá jẹ́ kí òun lo ilé náà, òun yóò kó irúgbìn àgbàdo tó tó gbin gbogbo oko wá fún wọn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ lára ju bó ṣe fi hàn lójú lọ. Òjò ti já wọn kulẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ajílẹ̀ ti wọ́n kọjá ohun tí àgbẹ̀ ń bèèrè, irúgbìn tí ìyàwó rẹ̀ so rọ̀ sókè àjà kó tó kú ni wọ́n sì ti sè jẹ tán. Òjò tuntun ti ń ṣú báyìí. Bí kò bá rí nǹkan gbìn, ó di ọdún mìíràn.

"A dúpẹ́, sà," ló wí. Lẹ́nu tirẹ̀, ìwàásù gidi nìyẹn.

Bí Ọ̀gá Sinimá ti ń lọ, ó yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìyọnu kankan o! Bí ilé ṣe wà yìí náà ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ obìnrin ló dáhùn pé àwọn ti gbọ́. Opó ni, ó sì ti wá ń bá àbúrò rẹ̀ gbé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ibi tó dé tí kì í gba àkóso. Bí ọkọ̀ ti lọ tán, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"O gbọ́ ohun tó wí? Ọmọlúàbí ni. Àlejò wo ló máa ń ní kí wọ́n ṣe ìyọnu?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá ó fẹ́..."

"Kí ni bóyá? Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wọ ilé wa, kí wọ́n wá bá ògiri tó lanu sílẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn?"

Ó ránṣẹ́ pe Bíríkìlà, aládùúgbò wọn, tí iṣẹ́ ti dá mọ́ lọ́wọ́ látìgbà tí àwọn èèyàn ò ti rówó kọ́lé mọ́. Ọwọ́ ti ń yún ọkùnrin náà. Ó rẹ́ ògiri títí ó fi ń dán, ó fi ẹfun kùn ún, ó mú ilẹ̀kùn nàró. Aládùúgbò kan yá wọn ní àga tìmùtìmù, òmíràn gbé aago ògiri wá. Aago ọ̀hún kì í ṣiṣẹ́, àmọ́ ó tóbi. Wọ́n ju àpótí ìjókòó sí ẹ̀yìnkùlé fún adìẹ.

Nígbà tí àwọn onísinimá dé, Ọ̀gá Sinimá bọ́ sílẹ̀, ó wo ilé, ó wo ọ̀nà tó gbà wá, ó tún wo ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ilé Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ là ń wá."

"Òun rèé," ni Alága wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."

Ọ̀gá Sinimá káwọ́ lérí. "Ta ló pa ilé mi? Mo ní kẹ́ ẹ má ṣe ìyọnu!"

"Kò sí ìyọnu kankan níbẹ̀, sà. Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀wàá hù."

Ó kígbe sáwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má já ẹrù, òun mọ ilé kan tó ń wó lọ ní òdìkejì odò. Dírẹ́bà ti ṣáná sí ọkọ̀. Àwọn àpò irúgbìn wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ń wò wọ́n. Kò mọ ìgbà tó sáré bọ́ síwájú ọkọ̀.

"Ẹ dúró, sà! Ìṣẹ́ wa ò rìn jìnnà. Ẹ̀yìnkùlé ló wà. A kàn ní kó yà fún àlejò ni. Ẹ jẹ́ ká pè é padà."

Alága lanu sílẹ̀. Látọjọ́ ìsìnkú ìyàwó àbúrò rẹ̀, kò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ilé jẹ́. Wọ́n dá àga tìmùtìmù padà fún ẹni tó ni ín, aago padà fún aláago, wọ́n lé adìẹ kúrò lórí àpótí. Bíríkìlà nìkan ló fárígá.

"Kí n fọwọ́ ara mi fọ́ iṣẹ́ ara mi? Bí wọ́n bá wò ó ní sinimá, tí wọ́n ní èmi ni mo rẹ́ ògiri burúkú yẹn ńkọ́?"

"Bàbá, a máa kọ orúkọ yín síbẹ̀," ni Ọ̀gá Sinimá bẹ̀ ẹ́, "pé ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ."

"Gàdàgbà gadagba?"

"Gàdàgbà gadagba."

Bíríkìlà gbé òòlù.

Òṣèré tó fẹ́ ṣe baba tí ebi ń pa sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ó sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán.

"Ìyẹn lebi ń pa?" ni Alága bèèrè.

"Màmá, mo lè fa ikùn wọlé."

"Fà á ká rí i... Hùn. Ọlọ́run á ṣàánú."

Ohun tí òṣèré náà ní í ṣe kò ju kó ṣí ìkòkò, kó bá òfìfo, kó sì rọra dé e padà. Ayàwòrán tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ṣí ìkòkò. Ooru gbígbóná fẹ́ lù ú lójú. Ẹ̀wà kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

"Màmá!" ni Ọ̀gá Sinimá ké.

"Ẹ̀yin ni mo sè é dè. Àdúgbò ló dá a jọ."

"Òfìfo la fẹ́!"

"Ẹ gbọ́ o. Mo gbà fún yín lórí ògiri, mo gbà lórí aago. Àmọ́ àlejò ò ní ṣí ìkòkò mi kó bá òfìfo. Kò ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi, kò ní ṣẹlẹ̀ sí èmi."

"Ẹ dà á síbòmíràn, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n da oúnjẹ àlejò lójú àlejò?"

Ọ̀gá Sinimá tún ń wo ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí irúgbìn."

Alága wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ronú díẹ̀. "Ó dáa. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ṣófo, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán."

Wọ́n jẹ ẹ́. Òṣèré jẹ, ayàwòrán jẹ, dírẹ́bà jẹ, Bíríkìlà tí kò sẹ́ni tó pè é náà jẹ. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ló ń gbé àwo, òun ló ń bu omi.

"Ó ti wá ṣófo tiyì-tẹ̀yẹ," ni Alága wí. "Ẹ máa yà á lọ."

Òṣèré ṣí ìkòkò, ó gùnfẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yán.

"Ojú oorun lò ń ṣe yẹn!" ni Ọ̀gá Sinimá pariwo. "Ojú ebi ni mo ní!"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ̀wà yẹn ni."

Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ọ̀gá Sinimá jókòó, ó ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, òun ò rí ohun tóun wá wò.

Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ kò gbọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àwo tán ni, ó wá kan òun náà láti jẹun. Ó mú ṣíbí, ó ṣí ìkòkò. Ó wò ó. Ó gbé e fẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú rẹ̀, ó fi ṣíbí ha á yípo, irin ń ha irin. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró sí náà ló dúró sí, obìnrin tó máa ń kọ̀yìn sí i bó bá ti ń ṣí ìkòkò lọ́dún tí nǹkan le, kí ọkọ rẹ̀ má baà rí ojú òun. Ó wá mọ bí ojú náà ṣe rí. Ó dé ìkòkò jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn nínú rẹ̀.

Ayàwòrán kò tíì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀gá Sinimá dìde, ó bèèrè wúyẹ́wúyẹ́. "O mú un?"

"Mo mú un, ọ̀gá."

"Àbúrò mi!" Alága ti já wọlé, ó gba iwájú ẹ̀rọ kọjá. "Ṣé o ò tíì jẹun ni? Ẹ̀yin alájẹtán gbogbo! Ẹ ò wẹ̀yìn wò!" Ó ti bọ́ síta, ó ti ń kanlẹ̀kùn aládùúgbò.

"Bàbá, ẹ dákun," ni Ọ̀gá Sinimá ń bẹ̀, "ẹ tún un ṣe fún wa, ká lè yà á láti ìtòsí."

Ṣùgbọ́n Alága ti dé pẹ̀lú búrẹ́dì, ó sì dúró ti àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. "Kò lè ṣe é mọ́, sà," ló wí. "Ó ti ń yó."

Ọ̀gá Sinimá mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n já irúgbìn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ tú ẹnu àpò kan. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dà á padà láìjẹ́ kí ẹyọ kan já bọ́. Ó so ẹnu àpò náà le dáadáa, ó sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àlejò yòówù kó dé, ẹ má se eléyìí."