Obìnrin Tó Dúró ní Èbúté

Òun náà ti lọ. Àlejò aṣọ pupa yẹn. Mo rí i tó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ ẹnu odò, tó dúró níwájú èbúté, tó dúró pẹ́... ó sì yí ọkọ̀ padà. Kò so okùn rárá. Kí ló rí? Kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀ tí èmi kò rí?

Òní ni oṣù parí. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó tán.

"Ìlú tí àlejò tuntun kan kò bá fìdí kalẹ̀ sí kí oṣù yìí tó parí, a ó fi omi bò ó." Bí àwọn tó ni géèmù orí fóònù yìí ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Fi omi bò ó. Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́la. Wọn kò mọ ibi tí ẹni tó ń kà á jókòó sí. Omi wà lábẹ́ àga mi níbí. Lábẹ́ pákó. Ó ń forí gbá òpó ilé — gbì — á sinmi — gbì. Òkun ni. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa. Ó ti rìn dé.

Èmi Jọọlá, apẹja, àgbà ọkùnrin, mo di fóònù ìyàwó mi mú, mo ń ṣọ́ ìlú tí kò sí. Bí ẹnìkan bá rí mi... Ta ni yóò rí mi? Ilé Dáfídì, aládùúgbò wa, ti lọ. Ilé tó tẹ̀ lé e ti lọ. Àwọn òpó wọn ló kù nínú omi, bí eyín arúgbó.

Ìlú tí kò sí. Rhoda ìyàwó mi kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Kì í pe orúkọ òyìnbó tí wọ́n fún géèmù náà. Ayé Kejì ló ń pè é. Happiness, ọmọ wa, ló gbé e sórí fóònù fún un nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè rìn lórí afárá pákó mọ́. "Màámi, ẹ máa fi ṣeré kí ọjọ́ lè máa lọ." Àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló jọ ń gbé inú rẹ̀. Oníkálukú á yan ara tó wù ú, á kọ́lé, á bá ẹranko burúkú jà. Oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó. Ẹni tó bá san, fìtílà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á máa jó. Ẹni tí kò san, tirẹ̀ á kú.

Mo bínú nígbà náà. Owó ẹja, nínú eré? Ó gbójú sókè wò mí.

"Bàbá Happiness, ẹsẹ̀ kì í dùn mí níbẹ̀."

Mo san owó náà.

Fìtílà kan ṣoṣo ló ń jó níbẹ̀ báyìí. Tirẹ̀. Mo ń sanwó rẹ̀, mi ò jẹ́ kó pẹ́ rí. Gbogbo ilé yòókù dúdú. Nígbà kan, kí ọjọ́ tó rọ̀ báyìí, gbogbo etí odò yẹn á ti mọ́lẹ̀ rekete. Kí ló lé wọn?

Mo ti bi wọ́n. Mo bi Wọlé tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, òun náà ti gbé ibẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Jọọlá, kí ni mo fẹ́ máa sanwó oṣooṣù fún? Pa ẹranko, gba idà. Fi idà yẹn pa ẹranko tó tóbi jù ú lọ, gba idà tó tóbi jù ú lọ. Ṣé ogún bàbá mi ni? Kò tiẹ̀ sí púpurú tí a fi ń jẹ ọbẹ̀ níbẹ̀. Ayé tí kò sí púpurú, ta ló lè pẹ́ níbẹ̀?" Promise, ìyàwó rẹ̀, ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Happiness ní géèmù tí kì í gba owó ti pọ̀ nígboro. Àwọn tó ni ín rò pé nǹkan tuntun ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ń fi òkè kún un. Wọ́n ń fi ẹṣin kún un, ẹṣin tó ní ìyẹ́. Ta ló ń wá ẹṣin?

Rárá. Wọlé ń parọ́. Idà kọ́. Ìgbà tí Rhoda wà níbẹ̀, idà kan náà ni, ẹranko kan náà ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ burú jù báyìí lọ. Wọ́n dúró.

Rhoda kì í pa ẹranko. Èyí tó ní orí méjì wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní kó kọjá lọ, òun ń yan ẹja. Ẹja ló ń yan. Nínú géèmù! Ó fi gbogbo ọjọ́ ayé yan ẹja, ẹsẹ̀ wú, ó wọ ayé mìíràn, ó tún dáná sábẹ́ ẹja. Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí omi fi jáde lójú àwa méjèèjì. Ó kọ́lé rẹ̀ sí èbúté gan-an, níbi tí gbogbo àlejò ń gbà wọlé. Ìyá Èbúté ni wọ́n sọ ọ́.

Ó sì kọ́ wọn ní àgò.

Nílé wa níbí, bí o bá wa ọkọ̀ dé ẹsẹ̀ ilé ẹnìkan, wàá ké láti orí omi: "Àgò onílé o!" Wàá dúró. Ó di ìgbà tí o bá gbọ́ "Àgò yà" kí o tó so okùn. Ilé tí kò bá dá ọ lóhùn, má so okùn rẹ mọ́ ọn. Nǹkan wà níbẹ̀. Ọmọ etí omi mọ èyí kó tó lè di àjẹ̀ mú. Rhoda gbé e lọ bá wọn lọ́hùn-ún. Òyìnbó tó ń gbé ibi tí yìnyín ti ń bọ́, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa, á dé èbúté, á kọ "àgò", á dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Rhoda á kọ "àgò yà o, ẹ wọlé, ẹja wà lórí iná." Wọ́n á wọlé. Wọ́n á dúró. Oṣù á parí, wọ́n á tún san.

Gbì.

Òpó apá òsì ni. Ó ti ń mì láti ìjẹta. Ísákì, àbúrò Rhoda, ti rí i. Ó ti ní yàrá kan fún mi ní Mahintedo, ó ní ìyàwó òun ti gbá a. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń gbabí kọjá, á pa ẹ́ńjìnnì, á ké. Mo máa ń sọ fún un pé mo ń bọ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mi ò tiẹ̀ dáhùn mọ́. "Àna mi, gbogbo ìgbà lẹ ń sọ pé ẹ ń bọ̀. Òkun náà ń bọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ? Bí mo bá lọ wọ àárín èrò ní Mahintedo, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?

Òun nìyí nínú fóònù. Ó dúró ní èbúté, níbi tí mo mú un dúró sí. Mo kọjú rẹ̀ sí ẹnu odò kí ó lè jẹ́ pé òun ni àlejò máa kọ́kọ́ rí. Aró ni aṣọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́, kò wú. Wọ́n ṣe é kó máa mí. Ó ń mí. Nígbà mìíràn á yí orí, á wo ọ̀tún, á wo òsì, bí ẹni tó gbọ́ nǹkan. Èmi kọ́ ni mo ń yí i. Èmi kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó wo iwájú gan-an, ó wò mí, mo dojú fóònù dé orí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ kẹ́yìn níbẹ̀, á so rọ̀ lókè orí rẹ̀ títí yóò fi sọ òmíràn. Tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà, ní ìgbà òjò, àlejò ń pè é ní èbúté, ó rẹ̀ ẹ́, ó kọ ọ́ fún wọn, ó gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, ó ní kí n fún òun lómi. Mo lọ bu omi. Mo dé...

Mo dé.

"Mo ń bọ̀." Ohun tó kọ nìyẹn. Ó ṣì wà lókè orí rẹ̀. Mo ń bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè kọ nǹkan kan síbẹ̀. Àwọn tó ń pè é, mo rí wọn. Kì í ṣe pé mi ò rí wọn... mo rí wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kan lẹ́tà kan péré, tirẹ̀ á parẹ́, temi á gorí rẹ̀. Ohùn mi ní ẹnu rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo yọ ọwọ́. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ti ọwọ́ bọ òkú lẹ́nu.

Dúró. Ẹnìkan ń bọ̀.

Ọkọ̀ kékeré. Àlejò tuntun, kò tí ì ní aṣọ gidi. Ó ń rọra bọ̀ láàárín àwọn ilé dúdú. Jọ̀ọ́. Wá. Fìtílà nìyí. Ènìyàn nìyí, ó dúró dè ọ́. So okùn rẹ. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ kan omi.

Ó dúró.

Ó kọ ọ́. Àgò o. Ta ló kọ́ ọ ní àgò? Àbí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn káàkiri... Rhoda, wò ó, wọ́n ti ń kọ́ ara wọn.

Àgò o.

Kò so okùn. Ó ń wò ó. Obìnrin ń mí lábẹ́ fìtílà. Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Mo ń bọ̀. Kò sì bọ̀. Mo ń bọ̀. Kò sì bọ̀...

Ọmọ́yẹlé kọ nǹkan kan kó tó lọ. Ọ̀rẹ́ Rhoda ni níbẹ̀, ará Etikan, ilé wọn nínú géèmù fara kan ara. Happiness ti túfọ̀ fún gbogbo wọn nígbà náà. Wọ́n sunkún, wọ́n kó òdòdó sí èbúté. A sin Rhoda tán, mo ṣí fóònù, mo sanwó, mo mú un dúró síbi tó máa ń dúró sí. Inú mi dùn. Mo rò pé inú tiwọn náà á dùn. Ọmọ́yẹlé jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ìyá Èbúté... ẹ̀yin ni?"

Mi ò dáhùn.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Mi ò dáhùn. Fìtílà rẹ̀ kú lọ́sẹ̀ náà gan-an. Mo bú u. Mo ní ọ̀rẹ́ ojú ayé ni. Èyí tó tẹ̀ lé e kú. Èyí tó tẹ̀ lé e. Mo bú gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ta ló wà níbẹ̀.

Ìyá mi àgbà sọ ọ́ fún wa lórí ẹní: bí o bá rí ẹni tí wọ́n ti sin, tó dúró ní èbúté ìlú mìíràn, tó ń ṣe bí alààyè, má kí i. Àkúdàáyà ni. Bó bá sọ fún ọ pé òun ń bọ̀, má dúró dè é. Wa ọkọ̀ rẹ. Àwa ọmọdé a máa fi aṣọ bo orí nítorí ẹ̀rù.

Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Oṣooṣù ni mo ń sanwó rẹ̀. Obìnrin tó gba gbogbo ayé lálejò, mo sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń sá fún.

Idà kọ́. Púpurú kọ́.

Gbì.

Ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Lóde. Ti Ísákì ni, mo mọ ikọ́ rẹ̀. Ó ti pa á. Ó dúró lórí omi níwájú ilé. Kò so okùn. Kò lè so ó, mi ò tí ì dá a lóhùn. Kí ló ń rí láti ibẹ̀? Ilé kan tó kù láàárín àwọn òpó. Iná fóònù lójú fèrèsé. Ẹnìkan tó ń mí, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, tí kì í dáhùn.

Àlejò tún kọ ọ́. Àgò onílé o. Ó ti yí imú ọkọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ péré.

Àtàǹpàkò mi wà lókè lẹ́tà àkọ́kọ́. Kò tí ì kàn án. Mo tún ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti sọ̀rọ̀ sókè.

Má bọ̀ mọ́, Rhoda. Ó tó, jẹ́ kí n dá wọn lóhùn. Má bọ̀ mọ́.