Ọ̀nà tí Onírúlà Fà

Onírúlà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì bá a délé. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ya máàpù ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwòrán ojú ọ̀nà, kò sì rin ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀nà tó yà. Àwọn mìíràn ló ń wọ bàtà lọ wo ilẹ̀. Òun ń jókòó ti tábìlì títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ní báyìí tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ náà ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ó gbé mọ́tò, àwọn ó rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọn ó pàgọ́ sí.

Àgọ́ ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti pa á wò ní pálọ̀, ó gba gbogbo ilẹ̀, ìyàwó sì ní kí ọkọ òun yáa bọ́ bàtà kó tó wọlé òun. Sítóòfù kékeré, kẹ́ẹ̀gì omi, aṣọ òtútù, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú páálí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ètò ọ̀nà nìkan ló kù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ló wà.

Adágún ńlá kan wà tí ìyàwó ti ń fẹ́ rí láti ìgbà ọmọge rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì lọ síbẹ̀ tààrà. Onírúlà ló fa ọ̀nà náà sórí máàpù, kò sì mọ̀ bóyá ọ̀nà kankan wà níbẹ̀.

Òfin iléeṣẹ́ wọn le. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fẹsẹ̀ rìn, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń tò ó ní tó-tò-tó, ìlà tí kò so pọ̀. Ó di ọjọ́ tí ẹni tó rìn ín bá dé kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ẹni tó lọ wo ọ̀nà adágún kò tíì dé, ọ̀gá sì ní ẹnikẹ́ni kò ní dìde títí máàpù yóò fi parí. Onírúlà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé rúlà, ó fi yíǹkì so ibi tí ìlà já sí pọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó lọ wo ọ̀nà fiṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, kò mú èsì kankan wá, máàpù sì ti lọ fún títẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá gbọ́ pé ẹnìkan ṣìnà níbikíbi, àyà rẹ̀ á já. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Tirẹ̀ ti lé lógún dáadáa, ó sì ń gbàdúrà kí òótọ́ sinmi díẹ̀ sí i.

Nítorí náà, gbogbo ètò tó ń ṣe ló ń yẹ adágún sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ gba orí òkè. Ó ní ẹ̀fọn pọ̀ létí adágún. Èkejì gba etí òkun. Ó ní òtútù ibi adágún kò dára fún orúnkún. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta dé, tó fi ọjọ́ méjì gbáko rìn yí po, ìyàwó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú aláìsàn, ó mọ ojú ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

"Bàbá wọn, ṣé ojú yín ni?" ó béèrè. "Àbí àyà ló ń dùn yín? Bó bá jẹ́ pé ara yín ò gba ìrìn yìí, ẹ sọ fún mi, a ò lọ mọ́ nìyẹn. Àgọ́ ò ní bú wa."

Ohun tó dun Onírúlà jù nìyẹn. Obìnrin yìí ti múra tán láti tú ẹrù rẹ̀ nítorí àìsàn tí kò sí. Ó jókòó, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ìyàwó béèrè ọjọ́ tó jẹ́ gan-an. Onírúlà ní ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ sí òun ní iléeṣẹ́ pé ìrọbí àkọ́bí ti mú ìyàwó òun ni.

"Ẹ wọlé tòun ti yíǹkì lọ́wọ́," ìyàwó ní. "Mo ti ń sunkún pé mi ò lè ṣe é mọ́, ẹ sì di ọwọ́ mi mú." Omi lé sí i lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mi ò ní bínú sí yín nítorí rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì náà ní ibi tó ń lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ ó sùn dáadáa. Bí ò bá sí, ẹ ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yín pé ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Ojú ti Onírúlà, ara sì tù ú, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ ní kí wọ́n sún ìrìn náà síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé pẹ́ńsù, ó fa ètò tuntun gba ọ̀nà adágún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti ń kó páálí sínú mọ́tò, àkọ́bí wọn pè lórí fóònù. Ó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ sùn, kí òun lè mọ ibi tí òun ó wá wọn dé bí wọ́n bá pẹ́ jù. Ìyàwó nawọ́ kó bá a gba fóònù, kó bá a dáhùn. Onírúlà kò fún un.

"Ojú ọ̀nà tí mo fi irọ́ fà lọ́jọ́ tí a bí ẹ la máa sùn," ó ní.

Ọmọ náà béèrè pé irọ́ wo. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí páálí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un.