Ẹ̀yìn tí Àsánì Fi Pamọ́

Láti ọjọ́ tí Àsánì ti ibi iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba dé, kò bọ́ ẹ̀wù lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn ń mú ní Ìsẹ́yìn, gbogbo ahunṣọ agbo ilé ló ń hunṣọ láìwẹ̀wù, òun nìkan ló jókòó sídìí òfì rẹ̀ tòun ti ẹ̀wù dúdú ọlọ́wọ́ gígùn. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń wẹ̀, kí àwọn èèyàn tó jí. Bí Ṣubúọlá, ìyàwó rẹ̀, bá ní òun fẹ́ bá a fi kànìnkànìn ha ẹ̀yìn, a ní òun ti wẹ̀ tán.

Ohun tó sọ fún wọn nílé ni pé olórí òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi òun ṣe lọ́hùn-ún. Ó ní fìlà pupa ni wọ́n dé fún òun, pé ìka lásán lòun ń nà, àwọn yòókù ń ru yangí. Irọ́ ni. Òun náà ru yangí títí àtàrí rẹ̀ fi bó. Ó mu omi kòtò tí ẹṣin ń mu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ kó lè mí, akódà ìjọba kan dà á dojú bolẹ̀, ó sì fi kòbókò nà án níṣojú àwọn ọmọ tó ń kiri àkàrà. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn ún ju kòbókò lọ.

Yangí náà ló ba èjìká rẹ̀ ọ̀tún jẹ́. Èjìká gan bí igi. Ahunṣọ tí kò lè ju ọ̀kọ̀, igi wẹ́wẹ́ tó ń gbé òwú kọjá láàárín aṣọ, kí ló kù tó ń hun? Bẹ́ẹ̀ òun ló ṣèlérí aṣọ ìgbéyàwó fún Àmọ̀kẹ́, àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ṣubúọlá wò ó títí, ó sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìwéré-Ilé.

Ẹfúnwùmí lorúkọ ìyá náà. Bí èèyàn bá já bọ́ lórí igi irú lágbègbè wọn, òun ló ń fi òrí wọ́ ọ títí yóò fi tún rìn. Ó gbé igbá òrí dé lọ́sàn-án, Ládòkun, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tẹ̀ lé e. Àsánì dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ló gbà á.

"Ìdọ̀bálẹ̀ wo nìyẹn, ọkọ Ṣubúọlá? Ṣé ìdajì ọmọ ni mo fún ọ ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Èjìká ni."

"Mo ti gbọ́. Bọ́ ẹ̀wù."

"Mi ò lè bọ́ra sílẹ̀ lójú àna mi, Ìyá. Ẹ bá mi wọ́ ọ láti orí ẹ̀wù."

"Ṣé ẹ̀wù ló ń dùn ọ́ ni, tí n ó fi fi òrí pa ẹ̀wù?"

Ṣubúọlá bú sẹ́rìn-ín. Àsánì wolẹ̀. Ìyá tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi di ara rẹ̀ lójú.

"Ó tán. Ojú àna ò rí ọ mọ́. Ṣubúọlá, Ládòkun, ẹ jáde, kẹ́ ẹ pa ilẹ̀kùn dé."

Ọkàn Àsánì balẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ìgbà tí ọwọ́ tó gbóná fún òrí bà á lẹ́yìn ló tó mọ irú òmùgọ̀ tí òun jẹ́. Òun tó jẹ́ ahunṣọ, tó lè dijú kó fọwọ́ mọ ibi tí òwú ti já, òun ló wá gbàgbé pé ọwọ́ ń ríran!

Ọwọ́ náà kan àpá àkọ́kọ́, ó dúró. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ tún ń lọ, jẹ́jẹ́, láti àpá dé àpá. Ìyá fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ egungun èjìká, ìrora gún un, lẹ́yìn náà ohun kan yọ́ níbẹ̀ bí òrí tó rí oòrùn. Omi bọ́ lójú Àsánì. Ojú tì í, kò sì lè dá a dúró. Ibẹ̀ ló sùn lọ, oorun tí kò tíì sùn láti ìgbà tó ti dé. Nígbà tó jí, ìyá ti fi ẹ̀wù bò ó lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń wọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sán. Apá ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò sì pariwo lójú oorun mọ́. Lọ́jọ́ kan ó sọ lábẹ́ ọwọ́ àna rẹ̀ pé, "Ìyá, ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ bà yẹn…"

"Ọwọ́ mi ò lẹ́nu," ni ìyá dá a lóhùn.

Ọjọ́ tí ìyá fẹ́ padà sílé, Àsánì ti ń ju ọ̀kọ̀, aṣọ Àmọ̀kẹ́ ti ń gùn. Ládòkun jókòó tì í, ó ń jẹ iṣu sísun.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún ń kó èèyàn lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà. Mo ti ní kí wọ́n mú mi. Ta ló máa ní kí àna olórí ru yangí? Èmi náà á dé fìlà pupa bọ̀!"

"Ládòkun onífìlà!" Àwọn ahunṣọ ń rẹ́rìn-ín.

Àsánì bojú wo àna rẹ̀. Ìyá jókòó sábẹ́ òjìji, ó ń ha òrí tó kù jọ sínú igbá. Kò fi gèlè dijú lónìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Ọmọ tó bí ló ń sọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ kò tú àṣírí Àsánì.

Ìtìjú bo Àsánì mọ́lẹ̀. Ló bá na apá ọ̀tún sókè, apá tí ìyá tún ṣe, ó sì lọ sókè wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn, ó kẹ̀yìn sí Ládòkun.

Àwọn òfì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n… ẹ̀yin olórí ni wọ́n ṣe báyìí?"

"Mi ò dé fìlà kankan rí."

Etí Àsánì ń gbóná. Kò lè yíjú wo ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ tí Ládòkun gbé iṣu sílẹ̀, tó sì rọra sọ pé, "Ìyá, ẹ dúró dè mí. Ẹ jẹ́ ká jọ padà sí Ìwéré."

Àsánì kàn gbúròó ẹsẹ̀ ìyá ni, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó gbóná fún òrí bà á lẹ́yìn, lójú gbogbo agbo ilé.

"Máa hunṣọ rẹ," ni Ẹfúnwùmí wí. "Òrí ṣẹ́ kù."