Bébà Tó Bo Ìwé

Lọ́dún kẹta tí a gba òmìnira, Rábíátù, ìyá Sáídì, rí ọkùnrin kan tó gbé fáìlì sábíyá, tó ń ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù bọ̀ láti ìdí rélùwéè Òṣòdì. Kíá ló ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ ìwé rẹ̀ dé ìdajì. Owó-orí ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ògúnlànà ni mò ń jẹ́, láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ẹ má sá fún mi."

"Èmi kẹ̀? N ò sá o. Oòrùn ni mo... oòrùn ni mò ń sá fún."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjọba ti gbọ́ igbe àwọn tó ń dá ìwé tà: owó ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó ìwé wá láti òkè òkun ti fẹ́ẹ̀ ju owó ìwé gan-an lọ. Ìjọba á bá wọn gbé ìdajì. Kí ó ṣáà kó bébà tí wọ́n fi di ẹrù ọdún yìí wá, èyí tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa gbà á mọ.

Ó ti pẹ́ tí Rábíátù ti ń rò ó pé bí owó ọkọ̀ ò bá dínkù, ẹrù tó ń bọ̀ lọ́nà yìí ni àṣekágbá, òun á ti ìsọ̀ pa. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bí ẹni tí kò mọ ibi tí bébà wà. Ó mọ̀. Ara ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ló wà. Ẹni tó bá ra ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ló ń bá a fi bébà ẹrù bò ó. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá Èkó sílẹ̀ wá bá a.

Ó sáré gba ilé-ìwé lọ ní Ìsọlọ̀. Tíṣà Ọmọ́wálé wò ó sùn-ùn.

"Ìyá Sáídì, ẹ fẹ́ bọ́ aṣọ lára ìwé lójú gbogbo kíláàsì?"

Síbẹ̀, ó bá a kó wọn jọ. Àmọ́ ọ̀bẹ Rábíátù ti la gbogbo bébà náà sí méjì. Ìdajì kan wà níbẹ̀, ìdajì kejì ti bá ọmọ mìíràn lọ sí Òkè-Afá.

Lọ́jọ́ kejì, Ògúnlànà ò tiẹ̀ fọwọ́ kan àwọn ìdajì tó kó wá.

"Odidi ni wọ́n ń gbà, mà. Òǹtẹ̀ wà ní igun kan, orúkọ yín láàárín, ìwọ̀n ẹrù ní igun kejì."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, orúkọ mi rèé. Ẹ wò ó dáadáa."

"Ìdajì orúkọ yín ni mo rí. Ó di ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú bébà ẹrù tó bá tún dé. Ẹ má gé bébà mọ́ o."

Nígbà tí ẹrù tó ń retí dé, jẹ́jẹ́ ló tú u, ó tẹ́ bébà rẹ̀ sábẹ́ ẹní. Kò tíì jókòó tí Ọmọlará, ìyá ìbejì láti Ṣógúnlé, fi wọlé. Ó ra ìwé kíkà méjì, ó dúró.

"Bébà ńkọ́?"

"Kò... kò sí mọ́. Ìjọba ní kí n máa tọ́jú ẹ̀."

"Ìjọba wo? Kí àwọn ọmọ mi gbé ìwé oníhòòhò lọ sílé-ìwé? Ẹ dá owó mi padà, mo kúkú ń lọ Èkó lọ́la."

Rábíátù yọjú wo ọ̀nà rélùwéè, bí ẹni pé Ògúnlànà lè máa ṣọ́ òun. Kò sẹ́nì kan. Ó ká ẹní sókè, ó fa bébà náà yọ.

"Ẹ jókòó, ìyá ìbejì. Ẹ má bínú."

Ọ̀bẹ gba àárín orúkọ rẹ̀ kọjá.