Ìwọ̀n Ìyá Ìyàwó

Ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà kò ní kọ̀rọ̀ nínú: bí òun kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara òun wọ inú omi gbígbóná náà, òun kò ní wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní gbé òun bí ọmọ ọwọ́. Dókítà ti ní omi gbígbóná ni yóò tú orúnkún rẹ̀ tó ti gan. Ọmọ rẹ̀ sì ti ra ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá oníná, irú èyí tí èèyàn ń jókòó sínú rẹ̀ tí omi gbígbóná á máa ru yí i ká. Ìdìmú, igi tí ìyá yóò dì mú sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ló kù, iṣẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà yìí kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó ti ri òpó kún ìsàlẹ̀ pèpéle onípákó lẹ́yìnkùlé níbi tí ọpọ́n náà yóò wà, nítorí ọpọ́n tó kún fómi kì í ṣe ẹrù kékeré. Ó ti fá pákó títí kò fi sí ẹ̀gún kan tó lè gún àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó kan ìdìmú, ó ní òun kò ní méfò. Ó mú téèpù, ó lọ bá ìyá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dúró díẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ń dúró gan-an."

Ìyá dìde. Obìnrin wo ló fẹ́ tẹ̀ bí ọrun níwájú àna rẹ̀? Ó na ẹ̀yìn, ó gbé àyà sókè, ó dúró ṣánṣán bí òpó iná. Gbẹ́nàgbẹ́nà wọ̀n ọ́n, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ta ni yóò sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó tẹ̀ díẹ̀?

Lọ́jọ́ tí omi kún ọpọ́n, ìyá jáde tòun ti táwẹ̀lì léjìká. Ó di ìdìmú mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Bó ti gbé e ni ara rẹ̀ tẹ̀, ni ìdìmú bá ga ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lára igi. Ọmọ rẹ̀ sáré gbá a mú.

"Má fọwọ́ kàn mí! Ṣé mo pè ọ́ ni?"

"Ẹ ò bá ṣubú, Ìyá mi!"

"Ṣé ìdí ẹ ni màá fi ṣubú ni? Ẹ bu omi yẹn fọṣọ." Ìyá wọlé lọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tún na téèpù. "Mi ò ṣì í. Ibi tí mo wọ̀n náà ni mo kàn án sí."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Olówó orí mi, ìyá tí o wọ̀n kọ́ ni ìyá tó fẹ́ wẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó lọ fọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ó sì rí ìyá nínú ilé, tó ń wá ife. Ìyá rò pé òun nìkan ni. Ó tẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ó ti ibẹ̀ di ẹ̀yìn àga mú, ó yí gbogbo ilé ìdáná ká láìkọsẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà yára gbójú kúrò, bí ẹni tó ṣèèṣì rí ìhòòhò àna.

Nígbà tí ìyá lọ sùn lọ́sàn-án, gbẹ́nàgbẹ́nà wọ̀n bí tábìlì ìdáná náà ṣe ga tó. Ó tú ìdìmú, ó gé e, ó fá a, ó kàn án padà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé igi tó gùn ṣe é gé. Èyí tó bá kúrú, igi ìdáná ni.

Ariwo òòlù jí ìyá. Ó jáde bá tọkọtìyàwó náà lẹ́yìnkùlé. "Kí ló tún ṣe é?"

"Igi ló wú, mà. Ooru omi ni."

"Igi wú, ó wá kúrú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá wò ó títí. "Ọkọ ọmọ mi, o ò mọ irọ́ pa. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ̀yin méjèèjì."

Wọ́n kọjú sí ògiri. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbọ́ tí àtẹ́lẹwọ́ ìyá di igi mú. Ó gbọ́ tí ìyá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ yíjú, gbẹ́nàgbẹ́nà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi wá dún wọ̀ọ̀.

"Ṣé ẹ ti wọ̀ ọ́, mà?"

"Kí lo rò pé ó ń dún, ẹja? Ẹ wọlé lọ jàre, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ayé mi."