Àmín Nínú Ṣọ́ọ̀bù Agẹrun

"Ẹ ò ní ṣòfò, ẹ ò ní ṣàìsàn, ọ̀nà yín ò ní dí!"

"Àmín!"

Àmín ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ó bú gbàù bí ìgbà tí òkè méjì bá forí sọra wọn. Dígí ara ògiri gbọ̀n, kóòmù já bọ́ nílẹ̀, ológbò tó sùn sórí òrùlé bẹ́ sílẹ̀, ó sì sá lọ láì wẹ̀yìn. Gbogbo ará inú ṣọ́ọ̀bù ló ṣe é, àfi Agẹrun tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí àpò tí okùn rẹ̀ já. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń da àdúrà lé wọn lórí bí òjò àkọ́rọ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ń wojú ara wọn bí olè tó pàdé olè nínú ilé kan náà. Ẹgbẹ́ Jẹ́-n-Bèèrè ni wọ́n, wọn kì í sì í gbàdúrà nípàdé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ìwọ̀nba tó ṣì ń ṣe é ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ronú dípò àwọn. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń pàdé, bí Agẹrun bá ti gbá irun ilẹ̀ tán, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á jókòó sórí àga ìgẹrun, wọ́n á so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn. Bí aṣọ yẹn bá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, ì báà máa sọ pé inú oṣùpá ni wọ́n ti ń wa ọṣẹ.

"Ta ló ṣe Àmín?" Tíṣà bèèrè. Òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì nílé ìwé, ohùn rẹ̀ ò sì tíì fẹ̀yìn tì.

"Ẹ̀yin náà ṣe é, sà," Nọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, dá a lóhùn. "Tiyín ló kọ́kọ́ jáde."

"Ẹnu mi ló ṣe é. Èmi kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́!" Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lódìkejì títì ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í takò láyé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bẹ́ẹ̀kọ́. "Ẹnu yín ò gbé ilé ọ̀tọ̀ o, Tíṣà."

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jà nítorí Àmín, ó kárí," ni ìyá wí. Ó rí bẹ́ǹṣì, ó jókòó. "Mo ní kí n wá fojú ara mi rí ìpàdé àdúrà tí àrẹ̀mọ mi ń ṣe. Mo ti ròyìn rẹ̀ nílé ìsìn títí, ẹnu fẹ́ẹ̀ bó."

Ara Agẹrun ò balẹ̀ mọ́. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ ìgẹrun, ó pa á, ó tún tàn án. Kò sígbà kan tó fẹnu ara rẹ̀ pe ìpàdé yìí ní ìpàdé àdúrà. "Ìpàdé ni mo lọ, Màámi," ló máa ń wí, ìyá rẹ̀ ló fi "àdúrà" parí rẹ̀ fún un, òun náà sì gbé e mì. Ti ọjọ́ ìsìn ló tún burú jù. Òun ló ń fi alùpùpù gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìsìn, á jókòó tì í, á máa ṣí ẹnu, á máa pa á dé, bí ẹja inú ọpọ́n, láì kọ orin kankan. Ọdún ti gorí ọdún tí ìgbàgbọ́ ti tán lọ́kàn rẹ̀. Bí ìyá bá gbọ́, ta ló mọ̀ bóyá yóò tún pè é lọ́mọ?

Tíṣà fa Agẹrun sí kọ̀rọ̀. "Ẹ̀tọ́ ọmọ tó kúrò nínú ẹ̀sìn òbí rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ṣé ojú Màmá la ti máa sọ ìyẹn? Jẹ́ kí n fi ọgbọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Wọn ò ní mọ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yìí tu Agẹrun lára bí ẹni tí wọ́n gbé ilé alájà mẹ́ta kúrò lórí rẹ̀. Ó kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Màmá," Tíṣà sọ, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́, "ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má bínú o, ti àwa ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ìpàdé yìí."

"Ha! Tíṣà!" Nọ́ọ̀sì pariwo. "Ẹ̀yin lẹ ní ilẹ̀kùn wa ṣí fún gbogbo ẹ̀dá!"

"Ẹ̀dá tó bá... tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ni."

"Kò burú," ìyá wí. "Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bèèrè tẹ́lẹ̀. Kò le tó bẹ́ẹ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dìde, ó tẹ orí ba.

Orí tó tẹ̀ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó dìde bèèrè ọ̀rọ̀ nílé ìsìn, tí àwọn àgbà ní kó jókòó, pé obìnrin kì í bi olórí léèrè. Agẹrun jókòó tì í lọ́jọ́ náà, inú bí i, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò. Ní báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, wọ́n tún fẹ́ ṣe é. Òun ló sì mi orí sí i.

"Màámi, ẹ dúró!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ. "Ẹ ò lọ síbì kankan. Ẹ wá jókòó síbí."

"Ọ̀rẹ́, ronú o," Tíṣà rọra wí.

"Mo ti rò ó, sà."

Ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga ìgẹrun. Ó rọra so aṣọ náà, bí ẹni tó ń so okùn mọ́ ẹkùn lọ́rùn.

Ìyá wo gbogbo wọn nínú dígí. "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, ṣé ìyá lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀? Ọmọ mi yìí, bó bá jókòó tì mí nílé ìsìn, mo ń rí ẹnu rẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo bá gbà pé àìsàn ọ̀fun ló ń ṣe é. Oṣù ti ń gun ara wọn lórí tí mo ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọ̀fun yìí."

Bẹ́ẹ̀kọ́ pàápàá mi orí pé òótọ́ ni.

"Nǹkan kan ò ṣe ọ̀fun mi, Màámi," Agẹrun sọ.

"Òfin..." Tíṣà bẹ̀rẹ̀, àmọ́ Nọ́ọ̀sì ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mi ò gba ẹ̀sìn náà gbọ́ mọ́ ni, Màámi. Ó ti pẹ́. Ìpàdé tí à ń ṣe níbí kì í ṣe ti àdúrà."

Ìyá tẹjú mọ́ ọn nínú dígí. "Àtìgbà wo?"

"Kí Bàámi tó kú."

"O sì ń wò mí. Mò ń febi pa ara mi nítorí ọ̀fun tó dá ṣáṣá, o sì ń wò mí."

"Ẹ̀rù yín ló bà mí."

"Ẹ̀rù mi?" Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ náà. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ó dùn mí o. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sọ pé kò dùn mí." Ó gbé báàgì, ó jáde.

Agẹrun bá a níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù. Oòrùn mú bí ẹni pé méjì ló wà lójú ọ̀run.

"Màá ṣì wá gbé yín lọ́la," ó wí. "Àmọ́ ìta ni màá dúró sí."

"Àwọn ará ilé ìsìn á bi mí pé ìwọ dà."

"Ẹ sọ fún wọn."

"Èmi? Ṣé wọn ò bí ẹnu mọ́ ẹ ni? Mo ti ròyìn irọ́ fún wọn tó, láì mọ̀. Ìwọ ni wàá wọlé, wàá sọ tẹnu ẹ fún wọn, wàá wá jáde sí ìta ẹ."

Agẹrun wo títì síhìn-ín, ó wò ó sọ́hùn-ún, bí ẹni ń wá ibi tí yóò sá gbà. "Màá sọ ọ́, Màámi."

Ìyá gun alùpùpù lẹ́yìn rẹ̀, ó sún sẹ́yìn pátápátá, irin ẹ̀yìn ló dì mú, kì í ṣe ìbàdí ọmọ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n lọ lọ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí kòtò wà lójú ọ̀nà, alùpùpù ta gìì, ìyá sì na ọwọ́, ó di ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ mú.